Ọ̀rọ̀ jíjò

Aago méjì òru ti lù, oorun ò kun ojú mi. Aago méje àárọ̀ yìí ni kí n dé ọsibítù, kí wọ́n gé àpò oúnjẹ inú mi kù, kí n lè dín sísanra kù.

Lánàá ni dókítà ka ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí mi létí: ẹ̀jẹ̀ lè dà, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀, ojú ibi tí wọ́n bá ti so àpò oúnjẹ náà pọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá gé e lè máa jò. Jíjò kẹ̀! Bíi ẹni ń sọ̀rọ̀ òrùlé. Mo ní báwo ni mo ṣe máa mọ̀ tó bá jò? Ó ní ibà, inú rírun, àyà tó ń sáré. Àyà mi ti ń sáré láti orí àga yẹn o.

Lálẹ́, màámi pè láti Ìbàdàn. Mo rò pé wọ́n á ní kí n má lọ. Wọ́n kàn ní, “Ṣó o ti jẹun?” Èmi tí mo ti ń mu mílíìkì àti ọbẹ̀ olómi fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ̀dọ̀ mi lè súnkì, kó má dí wọn lọ́wọ́ níbi iṣẹ́ abẹ! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó fúyẹ́ díẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é, báwo lẹ ṣe rí oorun sùn?