Kí Ló Ń Lé Ọ, Àjàní?

Irọ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ n tètè jẹ́wọ́ kí ẹlòmíì tó bá mi jẹ́wọ́ ẹ̀.

Lóṣù kejì ọdún yẹn, ìméèlì kan wọlé pé kèké ti mú mi: mo ti wà lára àwọn tó máa sá Great North Run lóṣù kẹsàn-án, láti Newcastle nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé etí òkun ní South Shields, kìlómítà 21 àti díẹ̀. Láti 1981 ni wọ́n ti ń sá eré yìí. Àwọn tó ń wá àyè níbẹ̀ pọ̀ ju àyè lọ, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń ṣẹ́ kèké. Inú mi dùn bíi kí n fò. Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ sọ fún? Lọ́dún tó ṣáájú, kìlómítà mẹ́wàá péré ni mo sá ní Leeds níbi tí à ń gbé, ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi ń fìdí sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ìyàwó mi ti kìlọ̀ pé tí mo bá tún dán irú ẹ̀ wò, kí n wá ẹlòmíì tó máa fi Robb pa mí lẹ́sẹ̀.

Ni mo bá pète. Mo ní, "Ìyá Dámi, iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún ọ. Jẹ́ ká kó àwọn ọmọ lọ sétí òkun, ká lọ sinmi fún ọjọ́ mẹ́ta."

Ó wò mí. "Etí òkun wo, nínú òtútù Sẹ̀tẹ́ńbà?"

Mo ní South Shields. Ó tún wò mí. Ó ní kò burú.

Ó yẹ kí n ti fura sí "kò burú" yẹn. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ìyàwó mi. Tó bá gbà láìbéèrè iye owó, nǹkan ń bẹ.

Ní àwọn Sátidé, mo máa ń ní mò ń lọ ra búrẹ́dì. Lẹ́yìn wákàtí méjì ni mo máa tó padà dé, tèmi ti búrẹ́dì, òógùn ń ro tótó lára mi. Màmá mi, tó ti Ìbàdàn wá wo àwọn ọmọ ọmọ ẹ̀, dákẹ́ títí di Sátidé kẹta. Ó wá bi mí pé, "Àjàní, búrẹ́dì yìí, ṣé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbin àlìkámà ẹ̀ ni?"

Ẹ gbọ́ díẹ̀ nípa Màmá, torí ọwọ́ ẹ̀ ni mo bọ́ sí. Láti ọ̀sẹ̀ kejì tó dé ló ti ní dúrọ́ọ̀mù kan ní kọ́ọ̀rídọ̀ wa, èyí tí wọ́n máa fi ọkọ̀ òkun gbé lọ sí Ìbàdàn. Ohunkóhun tí ẹ bá gbé kalẹ̀ nínú ilé wa kọjá ọjọ́ kan, Màmá á ní, "Ṣé ẹ ṣì ń lo èyí?" Kí ẹ tó dáhùn, ó ti wọ dúrọ́ọ̀mù. Ìkòkò ìdáná wa méjì ló bá a lọ. Wáyà tí mo fi ń ṣáàjì fóònù bá a lọ.

Lọ́jọ́ Fúráìdè tí a máa gbéra, mo fi nọ́ńbà tí wọ́n ní kí n lẹ̀ máyà sínú Bíbélì mi, nínú ìwé Léfítíkù, torí mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń ṣí ibẹ̀ nínú ilé wa. Bàtà eré mi ńkọ́? Mo gbé e sínú ihò tó wà nísàlẹ̀ búùtù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà tí a fi ń pààrọ̀. Mo bò ó mọ́lẹ̀, mo lọ wẹ̀. Bí mo ṣe ń wẹ̀ lọ́wọ́, àwọn tó ń kó dúrọ́ọ̀mù wá, wọ́n gbé ti Màmá lọ. Mo tiẹ̀ dúpẹ́ lójú fèrèsé pé kọ́ọ̀rídọ̀ wa rímú mí.

Nǹkan bíi wákàtí méjì la fi dé South Shields. Lọ́jọ́ kejì, a jáde lọ sétí òkun. Atẹ́gùn ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, ó fẹ́ẹ̀ ṣí gèlè Màmá gbé sọ́wọ́ àwọn òyìnbó. A ra ẹja díndín àti ọ̀dùnkún. Màmá bù ú wò, ó ní ẹja yìí kò mọ ata rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ló bá tú ìdí ìró, ó yọ ata gígún jáde. Gbogbo ẹ̀ ń dùn, àfi ìgbà tí a rìn síwájú díẹ̀ tí a rí i tí wọ́n ń to irin, tí wọ́n ń ta àsíá, tí wọ́n ń gbé àga fún àwọn òǹwòran.

Mo ní, "Ó jọ pé wọ́n fẹ́ ṣe nǹkan kan níbí."

Ìyàwó mi ní, "Eré ni. Èyí tí o sanwó ẹ̀ lóṣù kejì, nínú àkáǹtì tí àwa méjèèjì jọ ń lò." Kò gbójú sókè nínú ọ̀dùnkún tó ń jẹ. "Mo kàn fẹ́ mọ ibi tí irọ́ ẹ máa rìn dé ni. Ó tún rìn jìnnà jù ẹ́ lọ."

Ibẹ̀ ni Màmá ti dá sí i. "Eré? Kí ló ń lé ọ, Àjàní?"

"Nǹkan kan ò lé mi, Màmá."

"Ẹnìkan kì í dédé sáré nínú ẹ̀gún. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e."

"Títì ọlọ́dà ni, Màmá, kò sí ẹ̀gún níbẹ̀."

"Èló ni wọ́n máa san fún ọ?"

"Èmi ni mo san fún wọn."

Màmá ò fèsì. Ó sún mọ́ ìyàwó mi, ó fohùn jẹ́jẹ́ bi í pé, "Ṣé ó ń rí oorun sùn dáadáa?"

Láago mẹ́fà àárọ̀ Sọ́ńdè, mo lọ ṣí búùtù. Mo gbé ohun tó bo ihò ìsàlẹ̀ ẹ̀ kúrò, táyà nìkan ló kù. Mo gbé táyà náà jáde. Mo wo abẹ́ táyà bí ẹni pé bàtà lè sá pamọ́. Nígbà tí mo padà wọlé, Màmá ti ń po ẹ̀wà lílọ̀ ní kíṣìnnì, èyí tó gbé wá láti Leeds nínú kúlà ńlá kan.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò rí bàtà kan nínú búùtù?"

"Èyí tí ẹ jù sábẹ́ táyà? Àyè kúlà ni mo ń wá tí mo fi rí i. Bàtà gidi, ẹ wá ń fi jẹ ìdọ̀tí. Ó ti wà nínú dúrọ́ọ̀mù."

Bàtà méjì ló kù fún mi: èyí tí mo fẹ́ wọ̀ lọ ṣọ́ọ̀ṣì, àti sìlípáàsì. Mo rántí Abebe Bikila, ọmọ Ethiopia tó sá máratọ́ọ̀nù Olympics ní Róòmù ní 1960 láìwọ bàtà, tó sì gba góòlù. Mo wo ẹsẹ̀ tèmi. Mo lọ jí Dámi, ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Nọ́ńbà mẹ́sàn-án ni mò ń wọ̀. Tiẹ̀, nọ́ńbà mẹ́jọ, ó sì tún ń tàn bí òroḿbó nínú òkùnkùn. Ó bọ́ ọ fún mi bí ẹni tó ń fi ọmọ ẹ̀ fún àjòjì tọ́jú. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó dọ̀tí."

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin Metro dé Newcastle. Ọ̀kẹ́ mẹ́ta èèyàn ló máa ń sá eré náà, 60,000, ó sì dà bíi pé gbogbo wọn ló fẹ́ tọ̀ kí wọ́n tó gbéra. Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ dùn mọ́ mi o. A ò tíì pé máìlì méjì tí a fi dórí afárá Tyne, afárá onírin tí wọ́n ṣí ní 1928. Bàálù Red Arrows, àwọn ológun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń fi bàálù dárà, kọjá lórí wa, èéfín pupa, funfun àti búlúù tẹ̀ lé wọn nídìí. Mo gbàgbé pé bàtà ọmọ ló wà lẹ́sẹ̀ mi.

Ní máìlì kẹfà, bàtà náà rán mi létí. Ní máìlì kẹsàn-án, mo gbọ́ nǹkan tó ń mí gúlegúle lẹ́yìn mi. Mo bojú wẹ̀yìn, àgbáǹréré ni. Ọkùnrin kan ló gbé àgbáǹréré wọ̀ bí ẹ̀wù, ìwo ẹ̀ yọ sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì yọ nísàlẹ̀. Ó ní kí n mọ́kàn le, ó kọjá. Mo gbìyànjú láti lé e, ẹsẹ̀ ò gbà. Ọ̀nà tó kàn, John Reid Road ni wọ́n ń pè é, ó ń gòkè bí ẹni tí kò gòkè. Ẹ ò ní rí òkè náà lójú, itan yín nìkan ló máa rí i.

Ibi tó wá gbẹ́sẹ̀ mi ni ibi tí ọ̀nà ti já sílẹ̀ lójijì sétí òkun. Gbogbo ènìyàn ń dúpẹ́ pé ìsọ̀kalẹ̀ dé. Èmi, gbogbo ìka ẹsẹ̀ mi mẹ́wàá sún síwájú lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n lọ kan ẹnu bàtà Dámi gbàgà. Èékánná àtàǹpàkò tòsì sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ ọ.

Máìlì kan ló kù, tààrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun. Àwọn ará àdúgbò máa ń jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n á máa pín ọsàn tí wọ́n gé àti ṣúìtì fáwọn asáré. Bí mo ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀, mo gbọ́ ohùn kan tí mo mọ̀ láti inú oyún: "Àkàrà rè é o! Àkàrà gbígbóná!"

Màmá ti wo ọsàn wọn, ó ní ọsàn lásán kọ́ ni wọ́n fi ń gbé ẹni tó ń kú lọ dìde. Ó ní kí Dámi gbé kúlà wá. Àbúrò Dámi kọ ọ́ sórí páálí pé ọ̀fẹ́ ni. Òyìnbó ń já àkàrà gbà lọ́wọ́ ẹ̀ bí ẹni já oúnjẹ ìyè gbà, wọ́n ń fi òróró pa nọ́ńbà àyà wọn.

"Màmá! Àkàrà mi dà?"

"Háà, Àjàní! Látàárọ̀ la ti ń retí ẹ. Ẹyọ kan tó kù, ẹranko oníwo kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹ́ tán. Ó tiẹ̀ tẹrí ba kó tó gbà á. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni."

Ìyàwó mi ń ya fídíò. Ó na ọwọ́ sí mi, mo rò pé omi ni. Robb ni.

Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta ni mo lò. Wọ́n fi mẹ́dà kọ́ mi lọ́rùn. Màmá yí i padà sẹ́yìn, ó fi eyín wò ó. Ó bi Dámi ní ipò tí mo gbà, Dámi wo fóònù, ó kà á. Màmá ṣírò ẹ̀ díẹ̀ lẹ́nu.

"Ọ̀kẹ́ kan àbọ̀ ó lé! Àjàní, ọ̀kẹ́ kan àbọ̀ èèyàn ló ṣíwájú ẹ, wọ́n tún fún ọ ní góòlù?"

"Kì í ṣe góòlù, Màmá."

"Mo ti mọ̀. Mo ti gé e jẹ."

Dámi ò gba bàtà rẹ̀ padà. Ó yọjú sínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó rí ohun tó rí, ó ní kí n máa mú un lọ. Mo ra tuntun fún un, ó sì mọ èyí tó wọ́n jù lọ nínú ṣọ́ọ̀bù náà.

Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì, dúrọ́ọ̀mù gúnlẹ̀ sí Ìbàdàn. Àbúrò mi kan fi fọ́tò ránṣẹ́ sórí WhatsApp: ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé wa, ó na ẹsẹ̀ kan síwájú, bàtà mi ń dán lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ṣeun gan-an. Ó fúyẹ́! Tí mo bá ti wọ̀ ọ́, ńṣe ló ń ṣe mí bíi kí n máa sáré."

Mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀, mo wo àtàǹpàkò tòsì. Èékánná ò tíì hù.