Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń gbé lẹ́ǹsì 50mm lọ òde, ẹ jókòó ká sọ̀rọ̀

Sátidé tó kọjá yìí, mo lọ síbi ìnáwó kan n'Ígbógbó. Mi ò lọ ṣiṣẹ́ o, wọ́n pè mí ni, aṣọ ẹbí wà lọ́rùn mi. Bí mo ṣe ń wá ẹni tó ń pín mọ́ínmọ́ín kiri ni mo rí àbúrò kan tó gun orí àga rọ́bà, ẹ̀yìn ẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ògiri, ó ń na ọrùn, ó ń bẹ àwọn ìyá ìyàwó pé "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún sún sẹ́yìn díẹ̀." Àwọn ìyá yẹn sún títí, ó wá ku kúlà ẹran lẹ́yìn wọn. Kò dìgbà tí mo bá wo kámẹ́rà ẹ̀ kí n tó mọ lẹ́ǹsì tó wà lórí ẹ̀. 50mm ni; bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe tóbi tó ni ojú lẹ́ǹsì ṣe ń há tó. Mo bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn ò dùn lẹ́nu mi rárá, torí èmi náà ti gun àga yẹn rí.

Ó ti tó ọdún 10 báyìí tí ọ̀gá mi ṣe fìrídọ́ọ̀mù fún mi ní Sábó, n'Íkòròdú níbí, wọ́n sì ti ní kí n wá bá àwọn ọmọ iṣẹ́ tuntun sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìpàdé. Nǹkan márùn-ún ni mo ní màá sọ. Ẹ jẹ́ n kọ ọ́ síbí kí n má baà gbàgbé. Mi ò ní kọ́ yín ní aperture àti ISO o, ẹni tí ò bá tíì mọ ìyẹn kó padà lọ bá ọ̀gá ẹ̀.

Àkọ́kọ́, ẹ mọ àyè tẹ́ ẹ ti fẹ́ ṣiṣẹ́ kẹ́ ẹ tó mú lẹ́ǹsì. Ẹ ò lè jókòó sílé kẹ́ ẹ máa yan lẹ́ǹsì bí ẹni ń yan bàtà. Tí kámẹ́rà yín bá jẹ́ crop, ìyẹn èyí tí ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú ẹ̀ kéré, bíi Canon 600D tí mo fi bẹ̀rẹ̀, ẹ fi 1.6 sọ ọ́ di púpọ̀, 50 yín ti di 80 nìyẹn. Ti Nikon àti Sony, 1.5 ni. Ẹ wá wò ó báyìí, kí ẹbí tò sórí ìlà kan tó gùn tó mítà 6, 50 yẹn máa ní kẹ́ ẹ sún sẹ́yìn tó bíi mítà 13 àtààbọ̀ kí gbogbo wọn tó wọlé. Níbo lẹ ti fẹ́ rí mítà 13 nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ Sátidé, tí tábìlì, kúlà, onílù àti sípíkà ti gba gbogbo ilẹ̀? 18mm ò ní béèrè ju mítà 5 lọ. Èmi máa ń lọ wo gbọ̀ngàn lọ́jọ́ Fúráìdé, màá fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n láti iwájú pèpéle dé ògiri ẹ̀yìn, àwọn tó ń gbálẹ̀ ibẹ̀ máa ń rò pé mo fẹ́ rà á ni. Àmọ́ 18 náà ní ìwà tiẹ̀ o, ẹni tó bá dúró létí fótò, ó máa fà á gbọọrọ. Ẹ má fi àǹtí tó bá sanra síbẹ̀, wọn ò ní dárí jì yín láéláé. Tí àyè bá wà, ẹ sùúmù wọlé díẹ̀, kẹ́ ẹ lo 24 sí 35.

Ìkejì, lẹ́ǹsì sùúmù kan tó dáa wúlò lóde ju prime mẹ́ta tí kì í sùúmù lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní crop, Tamron 17-50 tó jẹ́ f/2.8 (f yìí ni bí ihò lẹ́ǹsì ṣe ń ṣí tó; bí nọ́ńbà ẹ̀ bá ṣe kéré ni ihò ẹ̀ ṣe ń tóbi), tòkunbọ̀ ẹ̀ tó mọ́, ó tó yín ṣe òde láti àárọ̀ dalẹ́. 24-70 tí gbogbo yín ń gbàdúrà fún yẹn, lórí crop, 24 ẹ̀ ti di bíi 38, ẹ ti pàdánù fífẹ̀ ẹ̀. Tó bá jẹ́ full frame, èyí tí ojú inú ẹ̀ tóbi, lẹ ní, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀, ẹ rà á. Kí ló dé tí f/2.8 fi wọ́n? Torí kit lens, ìyẹn 18-55 tó máa ń bá kámẹ́rà wá nínú páálí, tẹ́ ẹ bá ti sùúmù ẹ̀ dé 55, f/5.6 ló máa bá yín dé, ìmọ́lẹ̀ tí f/2.8 ń gbà sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ìyẹn. Ẹ máa mọ ìtumọ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ tí NEPA bá mú iná lọ tí jẹnẹrétọ̀ ò tètè dáhùn. 70-200 ní tiẹ̀, ti ṣọ́ọ̀ṣì ni, níbi tí pásítọ̀ bá ti ní kí fọtógíráfà kankan má kọjá ìlà kẹta. Ó wúwo tó bíi kílò kan àtààbọ̀, ọrùn yín á sọ ọ́ fún yín lóru. Ẹ máa rẹ́ǹtì ẹ̀ ni, ẹ má jẹ gbèsè nítorí ẹ̀.

Ìkẹta, kit lens kì í ṣe ohun ìtìjú.

Ibí ni màá ti pẹ́ díẹ̀.

Ní 2015, kò tíì pé ọdún kan tí mo gba fìrídọ́ọ̀mù, mo ra 50mm f/1.8 kan, èyí tó jẹ́ rọ́bà látòkè délẹ̀, tó máa ń kùn bí ẹ̀fọn tó bá ń wá fókọ́ọ̀sì. Ẹ̀mí mi wà lára ẹ̀. Ẹ̀yìn ẹni tí mo bá fi yà máa ń yọ́ bí òrí, ojú onítọ̀hún á wá dá yàtọ̀ kedere. Lọ́jọ́ kan níbi tá a ti ń ṣeré, bùrọ̀dá kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ rí 18-55 lórí kámẹ́rà mi, ó ní "Ìwọ, o ṣì ń lo lẹ́ǹsì tí wọ́n fi ń tọrẹ?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo délé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo di 18-55 yẹn sínú ọ̀rá dúdú, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bùrọ̀dá yẹn ò ya fótò mọ́ báyìí, mi ò ní sọ ohun tó ń tà.

Dẹ̀sẹ́ḿbà ọdún yẹn, mo gba iṣẹ́ íńgéèjì kan nítòsí Èbúté, 120,000 náírà, wọ́n san ìdajì. Fún mi nígbà yẹn, owó ńlá ni. Ọ̀gá mi pè mí lójú ọ̀nà pé ṣé mo mú lẹ́ǹsì tó fẹ̀ dání, mo ní "Ẹ fọkàn balẹ̀, sà." 50 nìkan ló wà nínú báàgì mi.

Ìyà bẹ̀rẹ̀ látìgbà ìdọ̀bálẹ̀. Ọkọ àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ mọ́kànlá tò, fìlà wọn bára mu, alága ìjókòó ní kí wọ́n dọ̀bálẹ̀. Mo gbé kámẹ́rà sójú, èèyàn mẹ́rin péré ló wọlé. Mo sún sẹ́yìn, ìdí mi kan sípíkà àwọn onílù, mo ní kí n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, onífídíò ti gbabẹ̀, kí n tó mọ ibi tí màá gbà, wọ́n ti dìde. Mo bẹ alága pé ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe. Màmá yẹn gbé máíkì sẹ́nu, wọ́n ní "Fọtógíráfà, ṣé ìwọ náà lọ́mọ tó o fẹ́ fi fọ́kọ ni? Ó yá, wá san owó ìdọ̀bálẹ̀." Gbọ̀ngàn hó yèè. Mo san 500 náírà, mo ń rẹ́rìn-ín bí ọ̀dẹ̀, àwọn ọkùnrin yẹn tún dọ̀bálẹ̀, àwọn mẹ́rin náà ló tún wọlé.

Ìyẹn ṣì kéré o.

Nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, a bọ́ síta fún fótò ẹbí, abẹ́ igi kan nínú ọgbà gbọ̀ngàn yẹn. Ìmọ́lẹ̀ rọ̀, ó dùn ún wò. Àwọn tó ṣe dẹkọréṣàn ti gbé àga ńlá aláwọ̀ wúrà méjì síta, ọkọ àti ìyàwó jókòó, bàbá àti ìyá ìyàwó dúró lẹ́yìn àga. Bàbá yẹn múra. Òfì ni wọ́n wọ̀, iyùn wà lọ́rùn àti lọ́wọ́, ìgbà mẹ́ta ni wọ́n gbá agbádá sórí èjìká kí wọ́n tó wojú mi tí wọ́n ní "Ó yá." Mo wà ní bíi mítà 4 sí wọn, mo ṣí lẹ́ǹsì sí f/1.8 torí mo fẹ́ kí igi ẹ̀yìn wọn yọ́, mo fi fókọ́ọ̀sì sí ojú ìyàwó. Tàà. Mo wò ó lójú kámẹ́rà, ó dùn, mo fi han ìyàwó, ó pariwo. Ojú kámẹ́rà yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ ju páálí ìṣáná lọ, kò sí ohun tí kò ní dùn níbẹ̀.

Fótò yẹn gan-an ni bàbá mú nínú gbogbo ẹ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ ẹ̀nlájì, 20 by 24 ínṣì, tí wọ́n máa gbé kọ́ pálọ̀. Mo gbé e lọ sí lábù, mo kó o sí férémù, mi ò tiẹ̀ tú ọ̀rá ẹ̀ wò dáadáa, mo gbé e lé ọ̀kadà dé ilé wọn lágbègbè Ìta Ẹlẹ́wà. Bàbá ní kí n gbé e ti ògiri. Wọ́n wọ gíláàsì ojú, wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n sún sẹ́yìn, wọ́n yọ gíláàsì, wọ́n fi etí agbádá nù ún, wọ́n tún wọ̀ ọ́. Wọ́n ní "Ta nìyí?"

Mo rò pé wọ́n ń ṣàwàdà ni. Mo ní "Ẹ̀yin ni, sà." Wọ́n ní "Èmi?"

Ẹ ò lè mọ bó ṣe rí lára mi. Ìyàwó jókòó síbẹ̀, ẹ lè ka irun ìpéǹpéjú ẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Bàbá tó dúró lẹ́yìn ẹ̀, ojú wọn dà bí ojú ẹni tó wà lẹ́yìn gíláàsì mọ́tò tí òjò ń rọ̀ sí. Iyùn ti dàpọ̀ mọ́ òfì. Wọ́n ò bú mi o, ká ní wọ́n bú mi ni, ó tún yá. Wọ́n kàn ní "Aṣọ yìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan tí mo fi ń tọ́jú owó ẹ̀. Gbé e lọ, ọmọ mi." Wọ́n wọlé. Ọmọ wọn ọkùnrin ló wá ṣe èébú ní tiẹ̀, ó bá mi dé géètì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀, kì í ṣe àjẹ́ ló ṣe é. Crop, 50mm, f/1.8, mítà 4: gbogbo ibi tó máa mọ́ rekete láti iwájú dé ẹ̀yìn ò tó ààbọ̀ mítà. Láti ojú ìyàwó lọ sẹ́yìn, rúlà ọmọ iléèwé kan ò pé. Bàbá wà lẹ́yìn àga ńlá yẹn, wọ́n fi bíi mítà kan jìn sí ojú ìyàwó. Ká ní f/8 ni mo lò, ibi tó máa mọ́ á lé ní mítà 2, bàbá àti àga àti gbogbo wọn á wà níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ aago mẹ́rin sì wà níta lọ́fẹ̀ẹ́, mi ò nílò 1.8 fún nǹkan kan. Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mí jù: tí 18-55 bá wà lórí kámẹ́rà mi lọ́jọ́ yẹn, mi ò tiẹ̀ ní lè dá irú àṣìṣe yẹn, kò lè ṣí dé 1.8. Àwọn ọkùnrin méjìlá á wọlé, bàbá á mọ́. Lẹ́ǹsì tí wọ́n fi ń tọrẹ. Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

Báláǹsì 60,000 yẹn, mi ò fojú kàn án títí dòní. Owó lábù àti férémù, àpò mi ló ti jáde. Kí n má purọ́ fún yín, inú ṣì ń bí mi díẹ̀. Fótò tó lé ní 400 ni mo kó fún wọn, wọ́n fi ṣe kàlẹ́ńdà, wọ́n fi kún orí WhatsApp gbogbo ẹbí, ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n fi dá mi lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan yẹn ni wọ́n béèrè. Mo bínú sí wọn lórí ẹ̀ tó ọdún mẹ́ta kó tó yé mi pé ara mi ni mò ń bínú sí, nígbà míì sì rèé, mo tún máa ń bínú sí wọn. Òwò náà ti wá dáa o, lẹ́ǹsì mẹ́fà ló wà nínú báàgì mi lónìí, wọ́n ń wá mi láti Àgríìkì dé Ẹ̀pẹ́. Tí mo bá sì rí ọmọ ọkùnrin yẹn ní Sábó, mo ṣì máa ń gba òdìkejì títì.

Mo mọ̀ pé márùn-ún ni mo pè é, ó ti rẹ̀ mí. Ìkẹrin, ọ̀sà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, afẹ́fẹ́ ibí ní ọ̀rinrin, lẹ́ǹsì tẹ́ ẹ bá dì pa nígbà òjò máa hu ebu nínú bí òwú aláǹtakùn. Ẹ kó àwọn àpò kéékèèké tó ń fa omi, tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, sínú báàgì yín, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù láti ẹ̀yìn lẹ́ǹsì kẹ́ ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó sanwó. Ìkarùn-ún, tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò tí éésì ti ń fẹ́, ẹ má ṣí báàgì lójú ẹsẹ̀, ooru ìta á jẹ́ kí omi bo ojú lẹ́ǹsì, ẹ jẹ́ kó wà nínú báàgì tó bíi ìdajì wákàtí. Ó tán.

Férémù bàbá yẹn wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọmọ iṣẹ́ mi tuntun ń gbálẹ̀, ó dúró níwájú ẹ̀ títí, ó ní "Ọ̀gá, ta ni bàbá yìí?" Mo ní kó gbálẹ̀ tán ná, kó lọ mú 18-55 wá.