Fújì wà níbẹ̀, jùjú ò sí níbẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kejì, 2025

Ojú mi wúwo láàárọ̀ yìí. Lánàá títí wọ òru ni mo fi jókòó sí pálọ̀ tí mò ń wo Grammy, àmì-ẹ̀yẹ orin ti Amẹ́ríkà, lórí YouTube, kì í ṣe apá tí wọ́n máa ń fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n o, apá tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣe lọ́sàn-án ni, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pín èyí tó pọ̀ jù nínú àmì-ẹ̀yẹ yẹn. Ní Los Angeles oòrùn ṣì wà lókè, ní Ìbàdàn níbí aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti kọjá, NEPA ti mú iná lọ, bátìrì fóònù mi ti fẹ́ẹ́ tán, mo so ó mọ́ páwà báńkì, mo yí ohùn ẹ̀ wálẹ̀ kí Bàbá má baà jí.

Bàbá jí náà. Nígbà tí wọ́n pe Tems mi ò mọ ìgbà tí igbe bọ́ lẹ́nu mi, mo kàn rí i tí ilẹ̀kùn yàrá ṣí, Bàbá yọ tòun ti tọ́ọ̀ṣì, "Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé kò sí o?" Mo ní kò sí sà, ẹ má bínú, Tems ló gba Grammy, ti orin Áfíríkà. Wọ́n ní èwo ni Tems. Mo ní ọmọ tó kọ Love Me JeJe. Wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n ní "Ṣebí Seyi Sodimu ló ni ìyẹn?" Òótọ́ ni, 1997 ni Seyi Sodimu gbé tiẹ̀ jáde, Tems wá mú nínú ẹ̀, ó fi kọ tiẹ̀. Bàbá fa àga, wọ́n jókòó tì mí, a jọ wo ọmọ náà bó ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run àti lọ́wọ́ màmá ẹ̀. Inú mi dùn débi pé omi lé sí mi lójú. Jẹ́jẹ́! Ọ̀rọ̀ tí màmá wa máa ń sọ tí a bá gbé abọ́ ọbẹ̀ gbígbóná bọ̀ láti kíṣìnì, "jẹ́jẹ́ o, jẹ́jẹ́", òun ni wọ́n ń pè lórí pèpéle ní Amẹ́ríkà yẹn.

Kátígọ́rì tí Tems ti gbà á yìí ò tíì pé ọdún méjì tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. 2023 ni wọ́n kéde ẹ̀, oṣù Kejì 2024 ni wọ́n kọ́kọ́ fún èèyàn, Tyla ọmọ South Africa ló gbà á pẹ̀lú Water, ó sì gbà á lọ́wọ́ Burna Boy, Davido, Asake pẹ̀lú Olamide, àti Ayra Starr tí wọ́n bí ní Kútọnu. Lọ́dún yìí Tems wà níbẹ̀, Burna Boy wà níbẹ̀, Yemi Alade, Asake pẹ̀lú Wizkid nínú orin MMS tó jẹ́ pé Yorùbá ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, àti Chris Brown tòun ti Davido àti Lojay. Ọ̀rọ̀ Chris Brown yìí ni gbogbo èèyàn ń jà sí lórí WhatsApp wa, pé kí ni ọmọ Amẹ́ríkà ń wá nínú kátígọ́rì Áfíríkà. Èmi ò bá a jà, orin ni wọ́n ń wò, kì í ṣe páálí ìrìnnà. Èyí tó ń dùn mí ni pé tí ẹ bá yọ ọ́ kúrò, ọmọ Nàìjíríà ni gbogbo ìyókù. Màlì dà, Tànsáníà dà, Kóńgò tí gbogbo wa jókòó sábẹ́ gìtá wọn láti kékeré dà? Inú mi dùn pé tiwa ló pọ̀, mo mọ̀ ọ́n pẹ̀lú pé a ò lè máa jẹ́ orúkọ Áfíríkà ká sì máa jókòó sórí àga gbogbo ará ilé.

Bàbá wá bi mí pé kí kátígọ́rì yìí tó dé, ibo ni wọ́n ń fi àwọn èèyàn wa sí. Ìbéèrè yẹn ló jẹ́ ká pẹ́ sùn.

Mo mọ èyí tí mo kà, Bàbá mọ èyí tí wọ́n fojú rí. King Sunny Adé ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Àwo Synchro System tó ṣe lọ́dún 1983, wọ́n yàn án fún Grammy, Bàbá ní bí ìròyìn yẹn ṣe dé Ìbàdàn ńṣe ló dà bíi pé ẹbí àwọn ló fẹ́ jẹ oyè. Àmọ́ orúkọ tí kátígọ́rì yẹn ń jẹ́ nígbà náà ni mo sọ fún wọn, orin ẹ̀yà tàbí orin ìbílẹ̀, àtorin ìbílẹ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn, àtèyí tó ti òkè òkun wá, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n kó sínú àpò kan. Bàbá mirí. Wọ́n ní ìbílẹ̀ báwo? Sunny tó ń lo gìtá oníná bíi mẹ́ta mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí Démọ́lá Adépọ̀jù ń fi pedal steel, gìtá tí wọ́n máa ń tẹ́ sílẹ̀ ta, ké lẹ́yìn ẹ̀, orin ìgbàlódé nìyẹn jẹ́ létí àwọn nígbà yẹn, orin tí wọ́n fi ń náwó, tí wọ́n fi ń jó pẹ̀lú bàtà gogoro. Mi ò ní èsì.

1992 ni wọ́n kọ́kọ́ fúnni ní ti orin àgbáyé, World Music. Àwo àkọ́kọ́ tó gbà á, Planet Drum tí Mickey Hart, onílù ọmọ Amẹ́ríkà, kó àwọn onílù jọ ṣe. Ta ló wà nínú ẹ̀? Babátúndé Ọlátúnjí ọmọ Àjídò nítòsí Àgbádárìgì wà níbẹ̀, Síkírù Adépọ̀jù ọmọ Èrúwà wà níbẹ̀ pẹ̀lú gángan. Mo tún un sọ fún Bàbá lẹ́ẹ̀mejì torí mo fẹ́ kó wọlé sí wọn lára: ọjọ́ tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn yẹn gan-an, gángan ọmọ Èrúwà ti wà nínú ilé. Síkírù tún padà lọ bá wọn gba òmíràn ní 2009 fún Global Drum Project, òun àti Zakir Hussain onílù Íńdíà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú lóṣù Kejìlá tó kọjá yìí, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Mélòó nínú wa ló mọ Síkírù? Nínú gbogbo ẹni tí mo bi láàárọ̀ yìí ẹnì kan ṣoṣo ló ní òun gbọ́ ọ rí, ọmọ Ìbàràpá lòun náà.

Látìgbà yẹn wọn ò yé pín in wọn ò yé pa á pọ̀. 2004 wọ́n gé e sí méjì, ti ìbílẹ̀ lọ́tọ̀, ti ìgbàlódé lọ́tọ̀. 2012 wọ́n tún so ó padà, torí pé ọdún tó ṣáájú ni wọ́n gé gbogbo kátígọ́rì Grammy láti 109 sí 78. Ìgbà yẹn náà ni wọ́n pa ti Latin jazz, jazz onílù àwọn ará Kúbà àti Látìn Amẹ́ríkà, rẹ́, àwọn onílù ibẹ̀, tó jẹ́ pé àwọn kan nínú wọn ń lu bàtá tí àwọn bàbá wa gbé dé Kúbà, wọn ò gbà, wọ́n fẹ̀hónú hàn, wọ́n gbé e lọ kóòtù, kóòtù ò dá wọn láre àmọ́ kò pé ọdún kan ààbọ̀ wọ́n dá kátígọ́rì wọn padà. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn gidi gan-an. Èèyàn gbọ́dọ̀ mọ orúkọ ohun tó ń ṣe débi pé kò ní jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ ẹlòmíràn pè é.

Lóṣù Kọkànlá 2020 wọ́n ní àwọn ò pè é ní World Music mọ́, Global Music ló kù, wọ́n ní ti àkọ́kọ́ ní òórùn ìjọba amúnisìn lára. Burna Boy ló kọ́kọ́ gbà á lábẹ́ orúkọ tuntun yẹn, 2021, Twice as Tall. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì fún Bàbá, àgbáyé ni mo pe ti tẹ́lẹ̀, mo fẹ́ pe ti ìsinsìnyí, àgbáyé náà ló tún jáde lẹ́nu mi. Bàbá wò mí. Wọ́n ní "Ṣé ohun tí wọ́n yí padà nìyẹn?" Mo ronú títí, mi ò rí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Mo gbà pé àwọn tó yí i ní ọkàn rere, ṣùgbọ́n létí ẹni tó ń lu ìlù l'Érúwà ilé kan náà ni.

Ìdí nìyẹn tí kátígọ́rì Áfíríkà yìí fi wú mi lórí, torí pé lẹ́ẹ̀kan náà wọ́n kọ àlàyé sábẹ́ ẹ̀, wọ́n dárúkọ orin kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń jẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó ni wọ́n. Mo ṣí i lórí fóònù, mo kà á fún Bàbá: Afrobeat, Afrobeats, alté, amapiano, bongo flava, genge, kizomba, chimurenga, highlife... Wọ́n ń mi orí lọ. Mo dé fújì, wọ́n pariwo "Héè! Fújì! Àyìndé Barrister ì bá wà láyé!" Mo ka ìyókù, ndombolo, mapouka, títí mo fi kà á tán. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní "Tún un kà." Mo tún un kà. Wọ́n ní "Jùjú ń kọ́?"

Jùjú ò sí níbẹ̀.

Mo yára sọ fún wọn pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kì í ṣe ìwọ̀nyí nìkan, pé ẹni tó bá ṣe jùjú lè fi tiẹ̀ ránṣẹ́. Òótọ́ ni mo sọ. Àmọ́ ó dùn mí fún wọn, ó dùn mí fúnra mi. Jùjú tó ti wà láti ayé Túndé King l'Ékòó ní bíi 1930, tí I.K. Dáíròó ti fi gba oyè MBE lọ́wọ́ Ọba obìnrin ní 1963, jùjú tó kọ́kọ́ gbé orúkọ wa dé inú ìwé Grammy yẹn nígbà Synchro System, tó tún padà dé ibẹ̀ pẹ̀lú Odù, àwo Sunny mìíràn, ní 1999 kí Gilberto Gil ọmọ Brazil tó gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́, ní ọjọ́ tí wọ́n wá dárúkọ orin Áfíríkà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò rántí ẹ̀.

Nǹkan míì tún wà tí mi ò tíì sọ fún Bàbá. Orin ẹyọ kan ni kátígọ́rì yìí ń wò, kì í ṣe odindi àwo. Jùjú tí Bàbá mọ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Àwọn àwo tí Sunny àti Ebenezer Obey ń ṣe fún wa nílé, ojú kan máa ń tó ìṣẹ́jú méjìdínlógún, ogún, láìdáwọ́ dúró, orin kan ń wọ inú òmíràn, gìtá á fún gángan láyè, gángan á sọ tiẹ̀ tán, wọ́n á ki olówó, wọ́n á padà sórí orin. Ibo lèèyàn fẹ́ gé e sí tó máa fi pè é ní ẹyọ kan?

Láàárọ̀ yìí iná dé ní bíi aago méje. Kí n tó fọ ẹnu ni mo ti ń gbọ́ ẹ̀rọ àwo ní pálọ̀. Bàbá ti gbé ọ̀kan nínú àwo Sunny sí i, èyí tí páálí ẹ̀ ti ya tí wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀, wọ́n fi aṣọ funfun nu ojú ẹ̀ yípo yípo bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, wọ́n rọra gbé abẹ́rẹ́ lé e. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ títí ojú àkọ́kọ́ fi parí. Nígbà tí gángan dá sọ̀rọ̀, wọ́n ń fẹnu tẹ̀lé e, ètè wọn nìkan ló ń mì.

Ó parí, abẹ́rẹ́ ń họ ilẹ̀ lásán. Wọ́n ní kí n mú bírò wá. Wọ́n ní kí n kọ jùjú sílẹ̀ fáwọn, kí n fi àmì sí i dáadáa. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé owó iná tó wà lórí tábìlì. Wọ́n gbà á, wọ́n wò ó, wọ́n ní ó dáa, wọ́n tì í bọ inú páálí àwo náà, wọ́n wá yí i sí ojú kejì.