Tí háàtì atáàkì bá mú èèyàn yín, ojú ẹ̀ nìkan kọ́ ni kẹ́ ẹ máa wò

Ẹ̀yin èèyàn mi, tí wọ́n bá ti sáré tọ́jú èèyàn yín ní ẹmájẹ́ńsì torí háàtì atáàkì, ẹ má tíì sọ pé ó ti bọ́ torí pé ó lajú ó sì ń sọ̀rọ̀. Ohun tí mo kọ́ nìyẹn nígbà tó ṣe bàbá wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ìrora àyà yẹn ti lọ, wọ́n ti ń béèrè ẹ̀kọ gbígbóná, wọ́n tiẹ̀ ń bi wá pé ta ló ti ṣọ́ọ̀bù àwọn ní Takie, inú gbogbo wa ń dùn. Àbúrò wọn obìnrin yọjú wo ẹ̀rọ BP, ó rí 92 lókè, ló bá ní "Olúwa o ṣé o, BP ti wálẹ̀!" torí BP bàbá ò kì í sábà wá sábẹ́ 160.

Dókítà ò yọ̀ ní tiẹ̀. Ó gbọ́ ẹ̀yìn wọn lápá ọ̀tún lápá òsì, ó ní omi ti ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó wá pè wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé nínú àìsàn yìí, BP tó já wálẹ̀ máa ń ba àwọn lẹ́rù gan-an, torí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò dé lára ọkàn ti ń kú, ìyókù ò sì lágbára tó láti ti ẹ̀jẹ̀ jáde. Ìṣirò kan wà tí wọ́n ń pè ní GRACE, òun ni wọ́n fi ń wo bó ṣe ṣeé ṣe kí èèyàn kú ní ọsibítù títí dé oṣù mẹ́fà. Nǹkan mẹ́jọ ló ń kà: ọjọ́ orí, bí ọkàn ṣe ń sáré, BP òkè, creatinine tó ń sọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́, omi ẹ̀dọ̀fóró, ohun tí ECG (àyẹ̀wò tó ń ya bí iná ọkàn ṣe ń lọ) gbé jáde, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi hàn pé ọkàn ti fara pa, àti bóyá ọkàn dáwọ́ dúró nígbà tí wọ́n gbé e dé. Bó ṣe ń dunni tó ò sí níbẹ̀ rárá!

Ó ti pẹ́ tí àwọn dókítà ti ń wo omi ẹ̀dọ̀fóró yẹn. Ní 1967, dókítà méjì, Killip àti Kimball, ní Amẹ́ríkà fi bí ọkàn wọn ṣe ń kùnà tó pín aláìsàn 250 sọ́nà mẹ́rin, àwọn tí kò sí omi ní ẹ̀dọ̀fóró wọn, bíi 6 nínú 100 ló kú, àwọn tí BP wọn já pátápátá tí ara wọn tutù, 81. Àmọ́ oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì àti bálúùnù tí wọ́n fi ń ṣí iṣan ò tíì sí lóde bíi tòní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé nọ́ńbà yẹn lé èèyàn yín lórí.

Ẹ ṣáà kọ aago tí àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún sílẹ̀, torí láàárín wákàtí 12 ni oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì yẹn ń wúlò, ó sì ń dáa jù tó bá tètè wọlé. Nílé wa, ẹnì kan ní lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni, ẹlòmíì ní ìgbà tí wọ́n ń pọnmi.

Kí wọ́n tó ní kẹ́ ẹ máa lọ sílé, ẹ béèrè iye tí ẹ́kò, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń ya àwòrán ọkàn, sọ pé ọkàn ń tì jáde nínú ìdá 100 ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú ẹ̀. Ó yẹ kó tó 55 sókè, ti bàbá wa jẹ́ 38, ẹ̀rù bà wá, àmọ́ ọkàn míì kàn dákú ni, kò kú, ìyẹn ni wọ́n fi máa ń tún un wò lẹ́yìn bí ogójì ọjọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n lo oògùn wọn déédéé, nígbà tá a tún un ṣe n'Íbàdàn ó ti di 47. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wá tún un ṣe, ẹ má sún un síwájú, kẹ́ ẹ sì mú èsì àkọ́kọ́ dání, òun ni dókítà máa kọ́kọ́ béèrè.