Omi Kànga Lọ sí Ìbàdàn, Ewé Bọ̀

Ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ibùdókọ̀ ojú irin ní Alágomẹ́jì kò jẹ́ kí n kọjá.

"Àǹtí, kí ló wà nínú kúlà yìí?"

Mo ní omi ni. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ẹ ń gbé omi láti Èkó lọ sí Ìbàdàn? Ṣé omi ti tán ní Ìbàdàn ni?"

Mo ṣí i fún un. Ìgò kéékèèké 24, nọ́ńbà lára ìdérí kọ̀ọ̀kan, yìnyín yí wọn ká. Àwọn tó tò sẹ́yìn mi ti ń pòṣé. Nígbà tí mo sọ fún un pé omi kànga àdúgbò kan ni, pé a fẹ́ mọ̀ bóyá òjé, irin olóró tí òyìnbó ń pè ní lead, wà nínú rẹ̀, ó mi orí. "Ẹ̀yin ará fásitì yìí náà! Ẹ máa lọ, Àǹtí."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kúlà yìí ná. Yàrá ìwádìí fásitì kan l'Ékòó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. A ní ẹ̀rọ tí ń wo òjé nínú omi. Ẹ̀rọ náà ní gílóòbù fún irin kọ̀ọ̀kan: bàbà ní tirẹ̀, síǹkì ní tirẹ̀, òjé ní tirẹ̀. Ti òjé ló kú. Oṣù kọkànlá rèé tí ìwé owó rẹ̀ ti ń lọ láti tábìlì dé tábìlì, bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tó yà síbi eré. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ka ìwé, tó wà ní Ìbàdàn báyìí, ní gílóòbù òjé tó ń tàn. Nígbà tí wọ́n wá ní kí n lọ ṣojú ẹ̀ka wa níbi ìpàdé ọjọ́ méjì tí àwọn yunifásítì kan nílẹ̀ káàárọ̀-oò-jíire fẹ́ ṣe lórí bí wọn yóò ṣe máa jọ ṣe ìwádìí, mo ní ọ̀nà ti là. Ìpàdé ló wà nínú ìwé ìrìnàjò mi. Omi gan-an ló gbé mi lọ.

Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 ni ọkọ̀ ojú irin yìí ti ń gbé èrò. Kìlómítà 157 ni ojú irin náà, ó sì máa ń gbà tó wákàtí méjì àbọ̀. Ẹni tó bá ti sùn sínú gosíló lójú títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn rí yóò mọ ìdí tí mo fi ń dúpẹ́ tí mo bá rí ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo gbé kúlà sáàárín ẹsẹ̀ mi méjèèjì. A kọjá Agége, a dé Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n ti fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wole Soyinka sọ ibùdókọ̀, lẹ́yìn ìyẹn mo sùn. Mọ́níyà ni mo jí sí.

Màíkírà ni mo wọ̀. Èèyàn mẹ́rin lẹ́yìn, méjì níwájú, kúlà lórí itan mi. Ọgbà IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, wà lójú ọ̀nà kí a tó dé Ọ̀jọ́ọ̀. Láti ọdún 1967 ni wọ́n ti wà níbẹ̀, lórí ẹgbẹ̀rún hẹ́kítà ilẹ̀, tí wọ́n ń ṣe ìwádìí lórí ẹ̀gẹ́, iṣu, ẹ̀wà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bàbá tó jókòó tì mí nawọ́ síbẹ̀, ó ní, "Iṣu inú ibẹ̀ yẹn, àwọn ni wọ́n ń jẹ ẹ́." Mo fẹ́ bá a jiyàn, ṣùgbọ́n dẹ́rẹ́bà ti ń pariwo "Ọ̀jọ́ọ̀, Ọ̀jọ́ọ̀, ṣéńjì yín wà lọ́wọ́ o!"

Àwọn ará UI, Yunifásítì Ìbàdàn, fẹ́ràn láti máa sọ pé àwọn ni yunifásítì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Òótọ́ ni. Ọdún 1948 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ní Ẹlẹ́yẹlé, nínú ọgbà ilé ìwòsàn àwọn ológun tí wọ́n ti lò tán. Ohun tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ pariwo ni pé abẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n wà nígbà náà. Lọ́ńdọ̀nù ló ń fọwọ́ sí ìdánwò, Lọ́ńdọ̀nù ló ń fúnni ní oyè, títí di ọdún 1962 tí Ìbàdàn fi dá dúró. Inú àjọṣe ni wọ́n bí UI sí, àjọṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ sí ọ̀gá. Mo ń ronú èyí bí mo ṣe ń wọlé, bóyá nítorí pé ebi ń pa mí.

Ìpàdé náà lọ bí ìpàdé ṣe ń lọ. Wọ́n kọ́kọ́ fi ARUA ṣe àpẹẹrẹ, ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì oníwàádìí ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Dakar ní oṣù kẹta ọdún 2015, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Accra. Láti Nàìjíríà, UI, Unilag àti OAU wà nínú rẹ̀. Mo fẹ́ràn bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́: Yunifásítì Rhodes ní Gúúsù Áfíríkà di ọ̀rọ̀ omi mú, Pretoria di ti oúnjẹ mú, Unilag di ti ìlú ńlá àti bí èèyàn ṣe lè gbé inú rẹ̀ mú. Ẹni tí omi bá kàn ń wá Rhodes lọ, ẹni tí gosíló bá kàn ń bọ̀ l'Ékòó. (Ta ló tún mọ gosíló ju àwa lọ?) Láti ọdún 2023, ARUA ti ń bá The Guild, ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì ilẹ̀ Yúróòpù tó fìdí kalẹ̀ sí Brussels, ṣe àwọn ikọ̀ ìwádìí tí ọmọ Áfíríkà àti ọmọ Yúróòpù jọ ń darí.

Ìpàdé tiwa kéré sí ìyẹn jìnnà. Iṣẹ́ wa ni kí a mú ohun márùn-ún tí gbogbo wa yóò jọ gbájú mọ́. Títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ohun márùn-ún ti di mọ́kàndínlógún. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń rí i dájú pé tirẹ̀ wà níbẹ̀. A lo nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú lórí bóyá "ìlera" gbọ́dọ̀ ṣáájú "àyíká". Mo nawọ́, mo béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ìwé tó to orúkọ àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní ìbéèrè dáadáa ni. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ibi tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń lọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ti ń tòògbé láti ọ̀sán, ló sọ ọ̀rọ̀ tí mo bá délé. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣáà mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa ìlú yìí: Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì. Ìwádìí ilẹ̀ wa náà nìyẹn." Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé lóko, ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà kó ara wọn jọ ṣiṣẹ́. Ọ̀wẹ̀ wà: ẹnì kan pe gbogbo ayé sóko rẹ̀, ó se oúnjẹ fún wọn, wọ́n jẹ, wọ́n mu, ebè di tirẹ̀. Àáró sì wà: lónìí a kọ ebè lóko Àkànní, lọ́la oko Àlàó, lọ́túnla oko tèmi, ẹni tí kò bá wá sóko ẹlòmíràn kò ní rí ẹni tí yóò wá sí tirẹ̀. "Ọdún márùndínlógójì ni mo fi bá àwọn òyìnbó ṣiṣẹ́," ó ní. "Oúnjẹ wọn dùn o, n kò parọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀wẹ̀ ni mo ń bá wọn ṣe. Èmi ni mo gba ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn, èmi ni mo dì í sínú yìnyín, òkèèrè ni ebè wà." Yàrá náà pa lọ́lọ́. Ẹni tó ń darí ìpàdé dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí a máa lọ jẹun.

Kì í ṣe gbogbo àjọṣe ló rí bẹ́ẹ̀, ìdí oúnjẹ náà ni mo sì ti rí àpẹẹrẹ. Àmàlà, gbẹ̀gìrì, ewédú, ẹran ògúnfe. Ọ̀gá kan na ọwọ́ sí iyọ̀, dókítà tó jókòó sí òdìkejì sì gbé agolo iyọ̀ náà kúrò nílẹ̀ pátápátá. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ò ka SIREN ni?" Iṣẹ́ ìwádìí lórí àrùn rọpárọsẹ̀ ni SIREN, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayowa Owolabi ti UI ló ṣáájú rẹ̀, àwọn onímọ̀ Nàìjíríà àti Ghana ló jọ ṣe é. Wọ́n mú ẹni 2,118 tí rọpárọsẹ̀ kọlù, wọ́n sì fi ẹnì kan tí kò kọlù ti ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Ọdún 2018 ni èsì rẹ̀ jáde. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣáájú gbogbo ohun tí wọ́n rí, ṣùgbọ́n bíbu iyọ̀ sí oúnjẹ tó ti délẹ̀ wà níbẹ̀, ẹran jíjẹ lemọ́lemọ́ wà níbẹ̀, àìjẹ ẹ̀fọ́ dáadáa náà wà níbẹ̀. Ká ní àwọn ará ibòmíràn nìkan ló kọ ìbéèrè wọ̀nyẹn, ta ni yóò rántí béèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́? Ọ̀gá náà jẹ àmàlà rẹ̀ láìfi iyọ̀ sí i. Ògúnfe ni kò dín kù.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn mo tẹ̀lé ọmọbìnrin kan lọ sọ́jà Bódìjà. Ọmọ Uganda ni, ó ń kàwé ní PAULESI, ẹ̀ka Yunifásítì Pan-African ti Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà tó wà nínú ọgbà UI. Àwọn ẹ̀ka yòókù wà ní Kenya, Cameroon, Algeria àti Gúúsù Áfíríkà. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí ìyá aláta, ó ní, "Ẹ kú ọjà mà, ẹ bá mi dín in kù." Wọ́n dín in kù fún un. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ onílé, iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè ni mo san. Ọ̀jọ̀gbọ́n ọ̀sán yẹn kò parọ́.

Lọ́jọ́ kejì mo yọ́ kúrò ní ìpàdé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo wọ màíkírà dé Dùgbẹ̀, mo tún wọ òmíràn lọ sí Ìdíkan. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ń gbé ibẹ̀, Ìyá Ìdíkan ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ilé alámọ̀, páànù tó ti dípẹtà, ewúrẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn tó mọ̀ nípa ọpọlọ àgbàlagbà káàkiri ayé mọ orúkọ Ìdíkan, bí ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ní bí ọdún 1992 ni UI àti Yunifásítì Indiana bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn àgbà tó ti pé ọdún 65 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Ìdíkan, tí wọ́n sì ń fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ní Indianapolis. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adesola Ogunniyi sì tẹ̀ síwájú níbẹ̀. Nígbà tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2001, àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣarán lọ́dọọdún jẹ́ 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún ní Ìbàdàn, 3.24 ní Indianapolis.

Mo sọ ọ́ fún Ìyá Ìdíkan. Wọ́n rántí àwọn dókítà náà. "Ìyá ọkọ mi ni wọ́n ń bi. Wọ́n ní ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n. Ta ló mọ̀ ọ́n? Ni wọ́n bá ní, nígbà tí wọ́n ṣí Mápó, kí ni ẹ̀ ń ṣe? Ìyá ní àwọn ń kiri ẹ̀kọ." Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn Mápó. Ọmọ tó ti lè gbé igbá ẹ̀kọ nígbà yẹn yóò ti lé ní àádọ́rin nígbà tí àwọn dókítà dé. Inú mi dùn sí i púpọ̀. Ọgbọ́n òyìnbó kò lè dá irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ hùmọ̀, iwájú ilé Ìdíkan kò sì lè dá ṣírò ìyókù.

"Ẹ wá gbọ́, Ìyá," mo ní, "kí lẹ rò pé ó fà á tí tiwa fi kéré?"

Wọn kò tilẹ̀ ronú. "Ta ni yóò jẹ́ kí n ráyè ṣarán níhìn-ín? Wò ó, láti àárọ̀, ìwọ ni ẹnì kẹjọ tó ń bi mí ní nǹkan."

Ó ti ń lọ sí aago mẹ́rin nígbà tí mo padà dé yàrá ìwádìí ọ̀rẹ́ mi. Ìgò 24 ti dúró gbangba lórí tábìlì, gílóòbù òjé ń tàn. Òun náà ti gbé ẹrù tirẹ̀ jáde: ọ̀rá kéékèèké tí ewé oríṣiríṣi wà nínú wọn, wọ́n ti dì gbagidi. Ẹ̀rọ tí ń fa omi kúrò nínú nǹkan tó ti dì láìfi iná kàn án ni wọn kò ní. Àwa ní in, eruku ló ń jẹ ẹ́. A kò fọwọ́ sí ìwé kankan. Ó kó ewé sínú kúlà mi, ó da yìnyín lé e, ó ní kí n kí àwọn ọmọ. Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ fún òjé nínú omi mímu kò ju 0.01 mílígíráàmù nínú lítà kan. Bí mo ṣe ń kọ èyí, èsì tiwa kò tíì jáde.

Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó délé. Mo gbé kúlà kalẹ̀ sí kíṣìnì, mo lọ wẹ̀. Nígbà tí mo jáde, omi ń hó lórí sítóòfù, ọmọ mi obìnrin sì di ọ̀rá kan mú, nọ́ńbà 7.

"Mọ́mì, ẹ kú ìrìnàjò. Ẹ̀fọ́ wo lẹ rà wá yìí? Ó ti dì pátápátá, àmọ́ mo ti gbé omi kaná."

Mo sáré já a gbà.