Ohùn lọ́tọ̀, fáwẹ̀lì lọ́tọ̀: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú Pure Data

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi Pure Data (ètò kọ̀ǹpútà tí a ti ń fi okùn so àwọn àpótí pọ̀) ṣiṣẹ́ ìró, ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ṣinṣin kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa okùn láti àpótí kan sí òmíràn: ibi tí ìró ti ń wá yàtọ̀ sí ibi tó ti ń di fáwẹ̀lì. Nínú ara èèyàn, tán-án-ná ló ń gbọ̀n tí ìró fi ń jáde. Ọ̀fun, ahọ́n àti ètè ló ń sọ ọ́ di "a" tàbí "i". Gunnar Fant, onímọ̀ ìró ọ̀rọ̀ ará Sweden, là á yékéyéké ní 1960.

Ìlù dùndún ti fi èyí han àwa Yorùbá tipẹ́. Ó ń sọ ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè fi ìyàtọ̀ sáàárín "a" àti "u". [phasor~] ni àpótí tó ń mú ìró jáde bíi tán-án-ná; bí kò bá tíì kan filter (asẹ́ ìró) kankan, iṣẹ́ dùndún ló ń ṣe. Bí ẹ bá fẹ́ kí patch yín (àwọn àpótí tí ẹ so pọ̀) kọrin, nọ́ńbà tó ń wọ [phasor~] ni kí ẹ máa yí, kí ẹ fi formant (àwọn ibi tí ọ̀fun àti ẹnu ti ń mú ìró lágbára tó fi di fáwẹ̀lì) sílẹ̀ síbi tó wà. Bí ẹ bá ń gbé formant sókè pẹ̀lú orin, ṣe ni yóò dà bíi pé ọ̀fun olórin náà ń kéré sí i. Ẹ má sì fi [osc~] rọ́pò [phasor~]: ìró kan ṣoṣo ló wà nínú [osc~], filter kò ní rí nǹkan yàn níbẹ̀. [noise~], àpótí ariwo, dára ní tirẹ̀, òun ló ń fúnni ní ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ó kan filter. Àtẹ formant tó wà nínú ìwé ìlò Csound, ètò ìró mìíràn, fi "a" ti tenor (ohùn ọkùnrin tó ga) sí 650, 1080 àti 2650 Hz (ó ku méjì lókè, ẹ lè fi wọ́n sílẹ̀ ná). [bp~] mẹ́ta (filter tó ń jẹ́ kí ìró tó wà nítòsí nọ́ńbà kan kọjá, tó ń dín ìyókù kù) ni kí ẹ gbé kalẹ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba okùn tirẹ̀ tààrà láti [phasor~]. Bí ẹ bá tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn, èyí àkọ́kọ́ yóò mú 650, yóò dín ìyókù kù, ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò ṣẹ́ kù fún èyí tó ń wá 1080. Dennis Klatt, onímọ̀ tó ṣe ètò tó ń mú kí kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn ní 1980, àmọ́ irú filter tó lò fún un máa ń jẹ́ kí ìró ìsàlẹ̀ kọjá. Ti [bp~] kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Q, nọ́ńbà tó ń sọ bí filter ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó, ló máa ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Ẹ má fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní iye kan náà. Àtẹ yẹn sọ bandwidth (fífẹ̀) formant wọ̀nyẹn: 80, 90 àti 120 Hz. Ẹ fi bandwidth pín formant kí ẹ lè rí Q: 650 fún 80 jẹ́ bí 8, 1080 fún 90 jẹ́ 12, 2650 fún 120 jẹ́ bí 22. Bí Q bá ga jù, formant á máa dún bí agogo. Bó bá kéré jù, fáwẹ̀lì á pòórá. Agbára wọn náà kò dọ́gba: 0, -6 àti -7 dB (ìwọ̀n agbára ìró). [dbtorms] ni àpótí tó ń sọ dB di nọ́ńbà ìlọ́po; 100 ló kà sí 1, nítorí náà 100, 94 àti 93 ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí i, kí èsì rẹ̀ wọ [*~] (àpótí ìlọ́po) kọ̀ọ̀kan.

Láti lọ láti "a" sí "i", 650 yóò sọ̀ kalẹ̀ sí 290, 1080 yóò gòkè sí 1870. Níbí, ẹ pààrọ̀ [bp~] sí [vcf~], torí ó ń gba frequency (nọ́ńbà Hz náà) bí ìró, [line~], àpótí tó ń yí nọ́ńbà díẹ̀díẹ̀, sì lè rọra gbé e lọ láìsí pé ó ń ta pàpà.

Fáwẹ̀lì márùn-ún péré ló wà nínú àtẹ yẹn, a, e, i, o, u. Méje ni tiwa, láìka àránmúpè. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ patch Yorùbá ń lo nọ́ńbà kan náà fún "e" àti "ẹ". Ẹ gba ohùn ara yín sílẹ̀, ẹ pe "e", ẹ pe "ẹ", lórí ohùn kan náà, kí ẹ ṣí i nínú Praat, ètò tó ń wọn ohùn, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ óò rí i pé formant àkọ́kọ́ ti "ẹ" ga ju ti "e" lọ, torí ẹnu là sí i. "O" àti "ọ" náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wọn ohùn obìnrin àti ti ọmọdé pẹ̀lú. Ọ̀fun wọn kúrú ju ti ọkùnrin lọ, formant wọn sì ga jù.