Ohùn àbúrò mi lórí WhatsApp

Ní Kétu tí mo ń gbé, ẹni tí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó kí i. "Àlàáfíà ni, a dúpẹ́" ni yóò fi dáhùn, nítorí pé láti kékeré ni a ti kọ́ wa ní ìdáhùn tó yẹ ìkíni. Ìdí nìyẹn tí ó fi pẹ́ kí n tó mọ̀ pé àìsàn ìsoríkọ́ ń bá àbúrò mi ọkùnrin jà ní Àjàṣẹ́, níbi tí ó ti ń ránṣọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò yí padà. Ohùn rẹ̀ ni ó yí padà, èmi kò sì fetí sí i.

Lẹ́yìn tí dókítà ti sọ orúkọ àìsàn náà fún wa, mo tún àwọn ohùn tí ó ti fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp gbọ́, láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, bí ó bá ń sọ ti oníbàárà tó fẹ́ kí ó rán bùbá mẹ́ta kí ọjọ́ ìnáwó tó pé, ohùn rẹ̀ a máa gòkè, a máa sọ̀ kalẹ̀, ọ̀rọ̀ a sì máa gun orí ọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́ láàárín gbólóhùn, kí ó mí, kí ó tó parí rẹ̀, ìparí náà a sì rì sínú ọ̀fun bí ẹni tí èémí rẹ̀ kò tó. Èyí tó kẹ́yìn kò ju "Ẹ̀gbọ́n mi, mo wà, ẹ má ṣèyọnu" lọ. Mo gbọ́ ọ ní ìgbà mẹ́rin, mo sì sunkún.

Irú àyípadà ohùn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun lójú àwọn oníṣègùn. Emil Kraepelin, dókítà ọpọlọ ará Jámánì, ti kọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá pé irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ a máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, díẹ̀díẹ̀, ní ohùn kan náà. Tán-án-ná, ìyẹn awọ inú ọ̀fun tó ń gbọ̀n kí ohùn tó jáde, ti ọkùnrin a máa gbọ̀n ní nǹkan bí 100 sí 120 ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ti obìnrin ní nǹkan bí 200, iṣan ọ̀fun ni ó sì ń fà á le tàbí dẹ̀ ẹ́. Ìsoríkọ́ a máa fa ìrònú àti ìṣísẹ̀ ara sẹ́yìn. Iṣan ọ̀fun kò sì lè yọ ara rẹ̀ sílẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni ti èdè wa, níbi tí ohùn ti ń ya ọkọ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ́ àti ọ̀kọ̀. Àbúrò mi kò ṣi ọ̀kankan pè. Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé, àmọ́ wọ́n ti súnmọ́ ara wọn bí àtẹ̀gùn tí ẹsẹ̀ ti jẹ. Nítorí náà ni yóò ṣe rọrùn fún ará ilé láti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà yé kí ó sì pàdánù àmì àìsàn náà.

Ohùn nìkan kò tó láti dárúkọ àìsàn. Ọ̀fìnkìn, àárẹ̀ àti ọ̀fọ̀ náà a máa rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, àwọn aláìsàn kan a sì máa yára sọ̀rọ̀ nítorí àìbalẹ̀ ọkàn. Dókítà ni kí ó dájọ́. Tiwa ni kí a mọ bí ohùn ẹni wa ṣe rí nígbà tí ara rẹ̀ yá.

Ní báyìí tí ó ń gba ìtọ́jú, n kì í bi í ní "ṣé àlàáfíà ni?" mọ́. Mo máa ń ní kí ó ṣàlàyé aṣọ tó ń gé lọ́wọ́ fún mi, láti ọrùn dé etí aṣọ, kí ohùn rẹ̀ lè ráyè rìn.